Kẹ́ẹ̀gì Mẹ́ta

Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè mẹ́ta la so mọ́ òkúta,
a jù wọ́n sódò Ògùn, lókè afárá Lafẹ́nwá:
ọ̀kan nítòsí ibi táwọn awayanrìn ń kó yanrìn sí,
ọ̀kan lábẹ́ ọ̀pẹ tí àrá ti gé lórí,
ẹ̀kẹta láàárín gbùngbùn, níbi tómi ti ń pòyì.
Pápá eré ìje wa nìyẹn.
Ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì: ènìyàn mọ́kànlá, ọkọ̀ mẹ́rin.
Ìgbòkun tiwa ní àbùlẹ̀ tápólì níkùn;
télọ̀ kan ní Kútọ̀ ló rán an,
ó ní, "Ṣé ìsọ̀ lẹ fẹ́ fi bò ni?"

Ọ̀gá Ṣówẹ̀mímọ́ kì í pariwo.
Ó ní ká kọ́kọ́ jókòó sétí omi, ká má fọwọ́ kan nǹkan kan.
"Níbo lafẹ́fẹ́ ti ń bọ̀?"
Mo nàka. "Irọ́."
Ìbídùn nàka. "Irọ́."
A wá rí èéfín àwọn tó ń yan ẹja ní òdìkejì,
ó dìde, ó ronú díẹ̀, ó tẹ̀ sọ́nà Ìbarà.
"Ohun tí ẹ kò lè rí," ni ọ̀gá wí,
"òun ni ẹ ó máa fojú wá láti òní lọ."

Mo ti rò pé ibi tí mo bá kọjú sí lọkọ̀ máa lọ.
Rárá o. Ẹni tó bá dojú kọ afẹ́fẹ́ gbọọrọ,
ìgbòkun rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ètè ẹni tó fẹ́ sunkún,
ọkọ̀ á dúró, á tún máa fẹ̀yìn rìn.
Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbà fún un:
yà sọ́tùn-ún, yíjú, yà sósì,
bí ajigbèsè tí kò fẹ́ gba iwájú ilé olówó kọjá.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gbàgbé láti bẹ̀rẹ̀.
Ọ̀pá ìsàlẹ̀ ìgbòkun yí wìì, ó gbá mi létí,
ọkọ̀ dojú dé bí ìkòkò tí wọ́n fọ̀ tán.
Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ;
lọ́jọ́ náà, èmi ni adìyẹ.
Àwọn awayanrìn rẹ́rìn-ín títí ṣọ́bìrì fi bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan.
"Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìwẹ̀ o!"
Bàbá Rámọ́nì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín,
ọgbọ̀n ọdún ló ti ń bá garawa rì sísàlẹ̀ odò yìí.
Ó ní, "Má fetí gbọ́ ọkọ̀, ọmọ yìí. Fìdí gbọ́ ọ.
Bí afẹ́fẹ́ bá sì kú, má ṣe dúró láàárín.
Etí odò ni omi ti máa ń rántí ilé."
N kò mọ ohun tó ń sọ.

Sátidé kan nínú Ọwẹ́wẹ̀, àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ dé,
ọmọ ọ̀sà, ìgbòkun wọn funfun báláú.
Fèrè dún. Wọ́n ti lọ ká tó tú okùn.
Ní kẹ́ẹ̀gì kejì, afẹ́fẹ́ kú. Pátápátá.
Odò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ gbogbo wa lọ sábẹ́ afárá,
pẹ̀lú ọmọ ọ̀sà àti ọmọ òkúta.
Ìgbà yẹn lètí mi là.
Mo darí ọkọ̀ sínú esùn létí odò.
Ìbídùn ní, "Ṣé orí ẹ pé?"
Omi ibẹ̀ ń yí padà, díẹ̀díẹ̀,
ó ń tì wá lẹ́yìn bí ọwọ́ ìyá àgbà.
Rélùwéè kọjá lókè, èrò inú rẹ̀ ń juwọ́,
kò sẹ́ni tó lè juwọ́ padà.

Ipò kẹta la ṣe. Nínú mẹ́fà.

Nílé ní Ìjàyè, ìyá mi ní kí n lọ ká aṣọ.
Ẹ̀wù bàbá mi ti wú lórí okùn, apá méjèèjì nà síta.
Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò ó.
"Ṣé ò ń kà á ni?"
Mo ní, "Ọ̀nà Arò ló ti ń bọ̀."
Ìyá mi ju ìpọnmi sílẹ̀, ó yọjú wo títì.
"Ta ló ń bọ̀?"