Ìwé Òtútù

Mọníyà ni mo ti ń kọ èyí,
lẹ́yìn ilé yìnyín Alàgbà Fátókùn,
níbi tí òkìtì ìkarahun ti ga dé ìbàdí mi.

Àwa obìnrin mẹ́sàn-án là ń yọ ìgbín níbẹ̀.
Álọ́ọ̀mù, ọsàn wẹ́wẹ́, omi lẹ́ẹ̀mẹta,
títí ọwọ́ ò fi ní yọ̀ mọ́;
abẹ́ èékánná ṣì ń yọ̀.
Àwọn baba wa jẹ ìgbín yó lẹ́sẹ̀ òkè Ìbàdàn,
wọ́n fi ìkarahun fọ́ ẹ̀kọ mu.
Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn
pé ẹran náà yóò wọ ọkọ̀ òkun lọ́jọ́ kan,
pé ìkarahun nìkan ni yóò kù sílé.

Ọjọ́bọ̀ ni kọ̀nténà dé láti Àpápá,
ó funfun, ó gùn, ó ń kùn bí ẹni tí inú ń run.
Músẹ́díìkù tẹ nọ́ńbà sí i lójú:
méjìdínlógún nísàlẹ̀ òdo.
Mo ní, "Odò ni mo mọ̀ pé ó ní ìsàlẹ̀.
Òdo náà tún ní?"
Ó ní, "Màmá, ibẹ̀ gan-an lowó wà."

A kó páálí títí ìbàdí fi kọ̀:
ìgbín, ẹ̀fọ́ ṣọkọ tí a bọ̀ tí a fún,
àgbàdo tútù tí a yin kúrò lára kùkù.
A ò kó wọn mọ́ ògiri.
"Ẹ fi àyè sílẹ̀!" ni Músẹ́díìkù ń pariwo,
"òtútù náà fẹ́ rìn."

Èmi ni wọ́n fún ní ìwé.
Wákàtí kọ̀ọ̀kan, mo wo ojú ẹ̀rọ, mo kọ ọ́.
Agogo mẹ́wàá, méjìdínlógún.
Agogo mọ́kànlá, méjìdínlógún.
Agogo kan òru, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
ó dákẹ́.

Ọ̀pọ̀lọ́ inú kòtò gan-an panu mọ́.
Mẹ́tàdínlógún.
Alàgbà wà lórí fóònù, ó ń bẹ ẹnì kan nítorí dísù.
Mẹ́rìndínlógún.
Mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn irin náà,
bí ẹni tó ń ṣọ́ yàrá ìkúnlẹ̀
kí àlejò má baà já wọlé.
Ní gbogbo ayé mi, òtútù ni mo ń sá fún.
Mo fi àdín pa ọmọ lára,
mo ní kí Mọpélọ́lá wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn nígbà ọyẹ́.
Òru ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ bẹ òtútù
pé, jọ̀wọ́, má tíì lọ.

Mẹ́tàlá ló kù kí dísù tó dé
nínú kẹ́ẹ̀gì, láti Ọ̀jọ́ọ̀, lórí ọ̀kadà.
Alàgbà ní kí n kọ méjìdínlógún.
Mo kọ mẹ́tàlá.
Ó wò mí, ó wo ìwé, ó wọlé lọ.

Kílẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti gbé e lọ.
Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e.
Mo dúró létí títì, mo ń wo iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀.
Ìgbín ti fà lọ.
Ìkarahun wà lẹ́yìn mi, adìẹ ń ṣá a jẹ.

Mọpélọ́lá pè lọ́jọ́ Àìkú láti Mańṣẹ́sítà.
Ó ní òun rí ìgbín rà ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ Gánà kan,
ó le bí òkúta, òun rẹ ẹ́ sómi di alẹ́,
òun sè é, ó dùn,
kò kàn dùn tó ni.
N kò bi í bóyá ìdí rẹ̀ fì sápá kan
bí èmi ṣe máa ń gé e.
Ohun tí mo máa ń bi í ni mo bi í:
"Òtútù yín ńkọ́ lónìí?"
"Mẹ́rin nísàlẹ̀ òdo, Màámi. Hítà ti bàjẹ́."
Mo ní kó ti ilẹ̀kùn dáadáa.
Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí Alàgbà kì í wò,
mo kọ ọ́ sábẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá:
Àìkú. Agogo mẹ́jọ alẹ́. Mẹ́rin.