Ohun Tí Páálí Ò Sọ

Páálí náà pupa, ó ń dán bíi bàtà ìgbéyàwó.
Wọ́n tẹ nọ́ńbà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:
méjìlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.
Ìyẹn ni pé bí ọta yìí bá kúrò lẹ́nu ìbọn,
báyìí ni yóò ṣe la atẹ́gùn kọjá
tí eré rẹ̀ kò fi ní tètè rọ̀.
Ta ló wọ̀n ọ́n? Páálí ò sọ.
Ojú ọjọ́ wo ni? Páálí ò sọ.
Ẹni tó ń tà á náà ló ń jẹ́rìí rẹ̀.

Ọmọ aláyẹ̀wò òṣùwọ̀n ni mí.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi, Ṣówándé,
fi gbé àpótí irin kiri Èbúté Mẹ́ta,
òkúta ìwọ̀n méje nínú rẹ̀,
tó fi àrán wé bí ọmọ tuntun.
Bó bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta ìṣó,
kì í pariwo.
A gbé òkúta lé ìwọ̀n wọn, a dúró.
"Má bá a jà," ni yóò wí fún mi. "Ṣáà wọ̀n ọ́n."

Nítorí náà, ní pápá ìyìnbọn wa l'Ọ́jọ̀ọ́,
èmi kì í yìnbọn. Èmi ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.
Ẹ̀rọ kan tó ń wọn eré wà níwájú ẹnu ìbọn,
èkejì wà lọ́hùn-ún, ní ẹgbẹ̀rin mítà, lẹ́bàá òkìtì yanrìn.
Ọ̀gá Sẹ̀wánù dojú bolẹ̀ lórí ẹní,
ó mí, ó dá èémí dúró,
ìbọn dún.
Lékeléke fò kúrò lórí ẹrẹ̀.
Mo kọ eré àkọ́kọ́, mo kọ eré ìkẹyìn;
ohun tó sọnù láàrin méjèèjì
ni owó ibodè tí atẹ́gùn gbà.

Lóṣù Ẹrẹ́nà, nọ́ńbà wa bá ti páálí mu wẹ́kú.
Inú Sẹ̀wánù dùn, ó ra páálí mẹ́wàá sí i.
Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ọyẹ́ wá dé.
Òwúrọ̀ Sátidé, ètè wa ti là,
ọ̀sà fara pa mọ́ sínú eruku.
Ọta mẹ́fà: mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló balẹ̀
ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sísàlẹ̀ ibi tó fojú sùn.
Ó nu awò rẹ̀. Ó tún un nù.
"Ojú mi ló ti ń darúgbó," ni ó wí,
ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ọta náà.

Mo gbé ìwé mi lọ sílé.
Mo wá rí i: mi ò ka ooru sí.
Atẹ́gùn Ẹrẹ́nà l'Ékòó gbóná, ó fúyẹ́,
ó ń yà fún ọta lọ́nà
bí ọmọ tó rí àlejò bàbá rẹ̀.
Ooru ìlú wa ló ṣe onígbọ̀wọ́ irọ́ náà!
Mo yọ ooru kúrò, mo yọ ọ̀rinrin,
mo ṣírò rẹ̀ títí aago méjì òru:
mọ́kàndínlọ́gọ́ta.
Mẹ́ta péré ló fi lé.
Ẹlẹ́pà lè fi mẹ́ta ṣe ènì.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún,
ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.
Irọ́ tiwa yìí, ìṣẹ́jú-àáyá kan àti díẹ̀ ló fi rìn;
oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi lé e.

Síbẹ̀, kí n tó pe ẹnikẹ́ni lópùrọ́,
mo gbé ẹ̀rọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn,
mo ní kí wọ́n wọn ọta kan náà.
Ẹnu wọn ò kò tán. Mo kọ ìyẹn náà:
mọ́kàndínlọ́gọ́ta, bóyá ọgọ́ta,
kì í ṣe méjìlélọ́gọ́ta.

Sẹ̀wánù gbọ́, ó jókòó sórí ẹní,
ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí adájọ́ dá láre,
kó tó rántí páálí mẹ́wàá.
Mo fi bírò fa ìlà sórí nọ́ńbà wọn,
mo kọ tiwa sábẹ́ rẹ̀,
mo kọ ọjọ́, mo kọ bí ooru ṣe tó,
mo sì kọ orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n.