Ta Ló Jẹ Méjì?

Yìnyín ti bo odò ní Groningen.
Wobbe ń pa mólékù oògùn kan rẹ́
nínú ihò puròtéènì, lójú kọ̀ǹpútà.
Kò fà á yọ. Ìpele mọ́kànlélógún ló fi ń pa á rẹ́,
bí ẹni ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ tó sùn.

Lóru ọjọ́ kẹta, ó dá a padà síbẹ̀.
Àlọ gba agbára méje;
àbọ̀ dá márùn-ún padà.
“Ta ló jẹ méjì?”

Ó tú àwòrán wò títí ilẹ̀ fi mọ́.
Ẹyọ omi kan!
Ó ti wọlé nígbà tí onílé kò sí;
onílé dé, kò rọ́nà jáde.

Wobbe fi ogójì wákàtí kún iṣẹ́ náà,
ó wọ kóòtù.
Níta, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ yìnyín.
Ó dúró tì í.
Kò fà á.