Ẹyẹ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́jọ

Àwa méje la jáde láàárọ̀ Sátidé yẹn.
Awò ìwòjìnnà méjì péré la ní,
ọ̀kan nínú rẹ̀ ti fọ́ lójú òsì.
Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀,
ilẹ̀ ṣì ń mí bí ẹni tó jẹun yó,
ẹsẹ̀ wa sì ń rì díẹ̀díẹ̀
lẹ́bàá adágún tí wọ́n sé lẹ́yìn Ifẹ̀.

Fátúróti ló ṣáájú,
ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Lágere,
tó ní etí òun ló máa ń kọ́kọ́ rí ẹyẹ.
"Ẹ má rẹ́rìn-ín," ó wí, "ẹ má pariwo,
ẹ gbẹ́sẹ̀ bí ajigbèsè
tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà olówó."
A rẹ́rìn-ín.
Òdèrékókò mẹ́ta fò lọ.

Mo ní nǹkan kan láti jẹ́wọ́.
Nígbà èwe mi ní Ìlódè,
kànnàkànnà ló wà lọ́wọ́ mi,
kannakánná ni mò ń lé,
ẹ̀gà, ológoṣẹ́, ohunkóhun tó bá ti ní ìyẹ́.
Ẹ má bi mí bóyá mo mọ ẹyẹ.
Ẹ bi mí bí wọ́n ti ń wúwo tó lọ́wọ́.
Wọn kì í wúwo.
Ooru ara wọn nìkan ló máa ń kún ọwọ́,
ìyẹn náà kì í pẹ́.

Lórí ọ̀pẹ kan tí àwọn ẹ̀gà ti họ imọ̀ rẹ̀ tán,
ariwo wọn dà bí ìpàdé ẹbí lórí ilẹ̀ bàbá.
Ìbídùn kà wọ́n dé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta,
ó pa ìwé dé.

Lékeléke wà lórí eèsún
bí òwú tí afẹ́fẹ́ gbàgbé síbẹ̀.
Òjò ti dé, wọ́n ń palẹ̀ mọ́ fún Òkè Ọya.
Màmá Àyọ̀ká, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìntì ní Wẹ́sílì, Iléṣà,
gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ fún mi,
ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí wọn
bí a ti ń ṣe ní kékeré
ká lè gba èékánná funfun.
Kò sọ̀rọ̀. Àwa náà kò sọ̀rọ̀.
Wọ́n gbéra, wọ́n kọjá lórí wa.
Ó wo èékánná rẹ̀ fínnífínní:
"Gbèsè ọgọ́ta ọdún!
Wọn ò tíì san án."

Ìgbà náà la rí i:
ẹyẹ pupa rúsúrúsú,
ìka ẹsẹ̀ gígùn bí ti aláǹtakùn,
ó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà,
omi kò tilẹ̀ mọ̀.

Kí là ń pè é?
Fátúróti ní baba òun ní orúkọ kan fún un;
baba lọ, orúkọ tẹ̀ lé e.
Ìbídùn ṣí ìwé òyìnbó, ó kà á,
ahọ́n rẹ̀ kọsẹ̀.
Mo ní ká kúkú máa pè é ní Arìnlómi.
Màmá Àyọ̀ká mi orí:
"Jésù nìkan ló ni ìyẹn."

Ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀, ó la ìyẹ́, ó pa á dé.
Nígbà tó dìde,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di mẹ́jọ,
mẹ́fà nínú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fì dirodiro lábẹ́ apá.
"Àwọn ọmọ ni," Fátúróti wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.
"Akọ sì ni yẹn. Baba ló ń gbé wọn."

Mo dá awò padà kí ó tó kàn mí láti dá a padà.
Mo ní ọmọbìnrin kan ní Àkúrẹ́
tí n kò pọ̀n rí.

Elúùlú ké nínú igbó, òjò dá a lóhùn.
A sá wọ abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀,
ewé kan fún ẹni méjì.
Níbẹ̀ ni Ìbídùn ti kọ ọ́, omi ń kán sórí gègé:
"Ẹyẹ kan. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ.
Orúkọ: ẹ bi wá lámọ́dún."
Mo ki ọwọ́ bọ àpò.
Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó gbóná.