Awọ Ìkookò

Lọ́dún àkọ́kọ́, a gbé ìwé ńlá gun òkè Kirigisitani,
ìwé onílẹ́tà gàdàgbà,
àwòrán ọmọ kan lórí rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun ju yìnyín lọ.
Zuurakan kà á sókè bí ẹni ń ka ẹ̀sùn síni lọ́rùn.
Àwọn darandaran gbọ́ ọ tán,
wọ́n bu wàrà ẹṣin fún wa mu, wọ́n ní ó dàbọ̀.
Ọmọ méjì péré la gún lábẹ́rẹ́.
Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Zuurakan fúnra rẹ̀ ni.

Nígbà òtútù, èéyi wọ àfonífojì.
N kò ní ka iye ọmọ fún yín.
Ọ̀kan ń jẹ́ Tursun.
“Jẹ́ kó dúró” ni orúkọ náà lédè wọn.
Orúkọ ṣe tirẹ̀, kò ká a.
Bàtà onírun rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀
títí yìnyín fi yọ́, ẹnikẹ́ni kò gbé e.

Koríko tún hù, a tún gùn ún,
èmi pẹ̀lú àpótí yìnyín láyà.
Zuurakan fi ìwé ńlá sílé.
Ó jókòó ti Burulcha, ìyá àgbà,
ó bá a fún wàrà ẹṣin títí ìka rẹ̀ fi wú,
kò dárúkọ abẹ́rẹ́.

Ìyá àgbà ló là á:
“Wọ́n ní ara ọmọ á gbóná lóru. Ṣé irọ́ ni?”
Mo ti ń retí kó ní irọ́ ni.
“Òótọ́ ni. Ara tèmi gbóná mọ́jú,
ó sunkún, ó lù mí.
Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ń lé àgùntàn kiri.”
“Wọ́n ní ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn.”
“Ìyẹn ni irọ́. Wọ́n gún èmi náà ní kékeré.
Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, wọn ò jẹ́ kí n sùn.”

Burulcha dákẹ́.
Ó ń wo ọmọ ajá tó ń fa okùn bàtà mi jẹ.
Ló bá wọ àgọ́, ó fa awọ ìkookò kan yọ lábẹ́ ẹní,
awọ àtijọ́, kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀,
ó jù ú sílẹ̀.
Ọmọ ajá fò sẹ́yìn. Irun ọrùn rẹ̀ dìde.
Ó gbó, ó ń gbọ̀n bí ẹni ibà mú,
ó gbó títí ohùn rẹ̀ fi há,
kó tó rọra sún mọ́ ọn, kó gbóòórùn rẹ̀.

“Báyìí la ṣe ń kọ́ wọn.
Ajá tó bá ti mọ òórùn yìí
kì í sá lóru tí alààyè bá dé.
Ṣé ohun tó wà nínú ìgò yín nìyẹn?”

Zuurakan fọwọ́ bo ẹnu.
Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú ńlá.
“Òun ni, ìyá. Àmọ́ tiwa kò tíì kú tán.
Eyín rẹ̀ la yọ.”

Ìyá àgbà gbé awọ kọ́ èjìká, ó ń lọ láti àgọ́ dé àgọ́,
àwa tẹ̀ lé e.
Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ mọ́kànlá ti na apá.
Asylkan, ọmọ ọdún mẹ́rin, pe nọ́ọ̀sì ní ewúrẹ́.

Bàbá Tursun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin rẹ̀, kò sún mọ́ wa.
Ó béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo:
“Awọ yẹn, ṣé ó wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá?”
Burulcha ní ó wà.
Zuurakan ní ìgò náà wà.
Ọkùnrin náà mi orí, ó fa ẹṣin rẹ̀ lọ.

Lóru, mò ń tẹ́tí sí yìnyín bó ṣe ń yọ́ nínú àpótí.
Ìgò kan ló kù tí a kò tíì ṣí.

Ìdájí, ó dé.
Ọmọbìnrin rẹ̀ ń sùn léjìká rẹ̀,
ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè láti ilé.
Bàtà onírun ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà,
ó tóbi jù ú lọ.