Ilé Ọjọ́ Mẹ́ta

Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wá, bí a bá ka ọmọ ọwọ́ Adékitan mọ́ ọn.
Ilé tí Bàbá kọ́ sí Ìtòkò, yàrá mẹ́rin:
ọ̀kan ń jò, ọ̀kan kún fún ẹrù àwọn tó ti lọ.
Níbo la fẹ́ tẹ́ ẹní sí?
Ìbíwùmí pè láti Kánádà, ó ní òun á fowó ránṣẹ́,
kí n wá ilé tó láyè, tó ní àgbàlá,
níbi tí oòrùn á ti pa àwọn ọmọ òun dáadáa.
Ó ní wọ́n ti gbàgbé bí ara ṣe ń móoru láìwọ ẹ̀wù mẹ́rin.
Èmi tí mo wà nílé, èmi ni wọ́n ń rán.
Ẹni tó súnmọ́ ààrò ni ọbẹ̀ ń ta sí lára.

Òjò ti ń palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí mo mú Ìyá dání.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni wọ́n ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀
ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àbà,
nítorí ojú yẹn gan-an la ṣe fẹ́ dúpẹ́.
Ọdún mẹ́rin ló fi ń fi ohùn dá wa mọ̀,
tó ń fọwọ́ pa wá lórí kó tó dárúkọ.

Ilé Ìbarà funfun, ó dà bí ẹ̀wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó.
Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀,
ewé gbígbẹ ló kún inú rẹ̀, àti bàtà ẹsẹ̀ kan.
Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé ní, "Wọ́n á rọ omi sí i kí ẹ tó dé."
Mo ní ìgbà wo. Ó wòkè, ó wolẹ̀.
Àtẹ̀gùn ibẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínlógún,
orúnkún Ìyá ti kà á kí n tó kà á.
"Ilé yìí ń gbéra ga," ni ó wí. A kúrò.

Ti Òkè-Mọ́sàn, fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí.
Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn ní gbogbo yàrá,
òfin sì wà lára ògiri, wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà:
ẹ má dín nǹkan, ẹ má gúnyán,
ẹ má kọrin bí aago mẹ́sàn-án bá ti lù.
Mo kà á sí Ìyá létí. Ó ní kí n tún kà á.
Ó ní, "Ta ni yóò máa dúpẹ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́?"

Ìgbà tí a dé Asérò, ó ti rẹ̀ mí.
Ọ̀dà ilé náà ti ń ṣí bí awọ ẹni tí ibà fi sílẹ̀.
Kànga kan, góbà kan, ilé ìdáná abẹ́ páànù.
Tísà tó ni ín, Ìyá Ọlátóún, ti fẹ̀yìn tì,
òun fúnra rẹ̀ ló gbé bẹ́ǹṣì síta,
ó ní ká jókòó ná, owó ò sá lọ.
Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun,
ó jókòó tì wá bí àlejò tí kò kánjú.

Ìyá yíjú sí mi.
Ó wò mí, ó wò mí, mo rò pé ìdọ̀tí wà nímú mi.
"Abíọ́nà, ìwọ náà ti hewú."
Ó fa ọ̀kan tu lórí mi, ó gbé e sókè sí oòrùn.
"Láti ìgbà wo?"
Mo ní láti ìgbà tí Bàbá ti lọ.
Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín,
ó di ewú náà sí ṣóńṣó ìborùn rẹ̀ bí ẹni di owó.
"San án fún wọn."

Mo ní, Ìyá, yàrá márùn-ún ni o,
balùwẹ̀ méjì, àwa mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.
"Kí wọ́n sùn bí ẹja inú agolo.
Ìwọ ṣáà kó wọn jókòó síbí ní aago mẹ́rin,
kí n rí ohun tí ayé ti ṣe sí wọn."

Mo ya àwòrán ilé náà ránṣẹ́ sí Kánádà.
Ìbíwùmí bèèrè pé adágún dà,
àti pé ṣé owó tí òun fi ránṣẹ́ kò tó ni.
Mo fèsì pé oòrùn wà.
Mo tún ronú, mo wá fi kún un:
Bóo bá ń bọ̀, má wulẹ̀ kun irun rẹ.