Àkọ̀ Oko Láwàní

Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ la ètè mi ní Ìjárá
nígbà tí àwọn àkọ̀ balẹ̀ sí oko Bàbá Láwàní,
láàrin pòròpórò ọkà bàbà tí a ti kórè.
Mo kà wọ́n dé mẹ́tàdínlógójì;
ọ̀kan gbéra, ìṣirò dàrú.

Wọn kì í sáré. Ẹsẹ̀ gbọọrọ, ìrìn onílẹ̀,
bí ẹni tó wá wo ààlà.
Níbi tí iná ti jó, wọ́n ń ṣa tata nínú eérú.
"Ìṣákọ́lẹ̀ wọn nìyẹn," ni bàbá wí,
ó ní kí n sọ òkò ọwọ́ mi nù.

Ọ̀kan wọ òrùka irin lọ́rùn ẹsẹ̀,
lẹ́tà wà lára rẹ̀ tí n kò rí kà tán.
Bàbá rẹ́rìn-ín: "Ìwé ìrìnnà nìyẹn.
Ẹ̀gbọ́n rẹ kò ní, ó sì gba aṣálẹ̀ lọ."
Ó wá fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ tí kò bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí òkè gbẹ, wọ́n sọ̀ sí àkùrọ̀,
lẹ́bàá ẹ̀fọ́ ìyá mi.
Òjò àkọ́kọ́, wọ́n yípo lókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
ó tán.

Lọ́dún yìí bàbá fi igun kan sílẹ̀ láìro.
Kò sọ ẹni tí ó ń fi í dè.